Mo dé ilé ẹ̀rọ omi odò Ọbà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ọ̀kadà láìtíì ná an tán. Ní Ọjà Jagun, ọmọkùnrin yẹn ní, "Ẹ gókè, a ó jọ sọ ọ́." Mo gùn ún. Bá a ṣe dé ibi tí wọ́n ti sé odò Ọbà, ó ní ₦2,000! Ó ní epo ti wọ́n, ọ̀nà ò dáa. Mo bá a fà á títí, mo sanwó. ₦800 ni mo fi padà, ọ̀nà kan náà, gegele kan náà. Inú bí mi débi pé mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ rí odò.

Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló pẹ̀tù sí mi nínú. "Ọmọ mi, jẹ́ kó máa lọ. Bọ́ síbòji."

Ọdún 1964 ni wọ́n sé Ọbà níbí, kí Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ọmọ ìlú yìí, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ló ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ọbà aya Ṣàngó, tó di odò, náà là ń wí yìí o.

Àmọ́ torí àwọn ilé kéékèèké etí odò ni mo ṣe wá. Bàbá ṣílẹ̀kùn ọ̀kan, òórùn gíríìsì àtijọ́ kọlù mí. Ẹ̀rọ tó ń fami jókòó sórí kọnkéré, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, àmọ́ kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n ń yí láti ṣí omi ń dán níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti ń dì í mú. Ẹ wo iye ọwọ́ tó máa ti kàn án!

Ilẹ̀ yàrá kejì funfun. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó álọ́ọ̀mù sí, irú èyí tí ìyá àgbà mi máa ń fi sínú ìkòkò omi odò. Òun ló ń mú kí ìdọ̀tí dì pọ̀, kó rọlẹ̀. Omi á wá gba inú yanrìn kọjá, wọ́n á fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì tì í lọ sí táǹkì orí òkè, kó lè máa ti ibẹ̀ sàn wọ̀lú.

Igi ti hù lára ògiri kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń la á. Ó dùn mí gan-an. Irú ilé báyìí ò yẹ kó wó, ó yẹ ká máa kó ọmọ iléèwé wá wò ó ni.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ sì mú oúnjẹ dání, mi ò rẹ́ni tó ń ta ohunkóhun nítòsí.

Kí n tó kúrò, bàbá ní kí n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ irin náà. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ó tutù.