Hypnosis ò lè gba orí ẹnikẹ́ni o

Tí mo bá ti dárúkọ hypnosis fún èèyàn ní Òṣogbo níbí, gbẹ̀tugbẹ̀tu ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn, tàbí àwọn gbájúẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n kàn máa fọwọ́ tọ́ èèyàn léjìká ní Ọ̀láìyá, tẹ́ni yẹn á lọ kó gbogbo owó tó ní ní bàǹkì fún wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọmọ Yorùbá ni wá, a mọ̀ pé ohùn lágbára. Àmọ́ ohun tí èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bá àwọn èèyàn ṣe yàtọ̀ pátápátá, ó sì ń dùn mí pé ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tí másùnmáwo ń pa lọ sún mọ́ ọn.

Ohun tí hypnosis jẹ́ nìyí: èèyàn á jókòó, á gbé ọkàn lé nǹkan kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ mímí ẹ̀, ó lè jẹ́ ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ara á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn la máa wá sọ ọ̀rọ̀ tá a ti jọ fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe oorun. Tí ọmọ bá ké ẹ máa gbọ́, tí mo bá sì ní kẹ́ ẹ sọ PIN yín fún mi ẹ ò ní sọ. Ṣé ẹ ti gun ọ̀kadà láti Òkè-Fìà rí, ẹ ń ronú, ẹ wá délé ẹ ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ kọjá Ọ̀láìyá? Ó fara jọ bẹ́ẹ̀.

Màmá kan ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ìgbọ̀nà, owó sọgúndogójì ló yá, kò roorun sùn mọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ la jókòó sí. Ó di etí ìró ẹ̀ mú, ibi tó so owó mọ́, ó dì í débi pé èékánná ẹ̀ ń funfun. Mo ní "Mà, níbo lọkàn yín ti balẹ̀ jù láyé yín?" Ó ní ìdí ìkòkò aró ìyá òun ni. Ìlú aró la sáà wà. Bó ṣe di pé aṣọ là ń rẹ lọ́kàn nìyẹn: tó bá mí síta, ó ti ki aṣọ bọ aró, tó bá mí sínú, ó ti fà á jáde, aṣọ á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá máa dú bọ̀. Mi ò kánjú. Kí n tó mọ̀, ìka ẹ̀ ti ń tú kúrò lára ìró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó lajú, ó ní "Nọ́ọ̀sì, àbí mo sùn ni?" Mo ní ẹ ò sùn o Mà, ṣé ẹ gbọ́ oníbàárà tó ń bèèrè iye aṣọ? Ó ní "Mo gbọ́, mo kàn ní kó dúró ná ni."

Gbèsè yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ìdààmú bá ti pọ̀, ara á máa da adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa já, iṣan á le, oorun á sá, ta ló fẹ́ wá ronú bó ṣe máa san gbèsè nínú ìyẹn?

Àwọn òyìnbó náà bá ọ̀rọ̀ hypnosis yìí fa wàhálà nígbà kan. Dókítà kan tó ń jẹ́ Mesmer ń ṣe irú ẹ̀ ní Paris, ó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì kan ló ń wọ ara aláìsàn, Louis XVI, ọba ilẹ̀ Faransé, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1784 láti wádìí ẹ̀, Benjamin Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò rí mágínẹ́ẹ̀tì kankan, ọkàn aláìsàn fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an, torí ọkàn yín náà ni mò ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí hypnosis lọ́dún 1955, ti Amẹ́ríkà ní 1958.

Kì í mú gbogbo èèyàn bákan náà o. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ní òun máa fi wo gbogbo àìsàn, ẹ sá fún un. Ẹ má gbọ́ ohùn hypnosis lórí fóònù tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ máa lò ó lọ, kẹ́ ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wá bá mi, ká mọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀.