Ṣòkòtò kámò

Àbúrò mi ọkùnrin ra ṣòkòtò penpe kan lọ́jà òkìrìkà, kámò pátápátá, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú tó wọnú ara wọn. Bó ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀ yìí ni màámi dí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o fẹ́ kí sójà ní kí o máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní títì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, fáàrí lásán ni."

"Bọ́ ọ!"

Ó bọ́ ọ, ó ń kùn. Màámi ò sì parọ́: abala 110 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ka aṣọ iṣẹ́ sójà léèwọ̀ fẹ́ni tí kì í ṣe sójà.

Ẹ̀rín ló pa èmi. Aṣọ tí wọ́n dá kójú má bàa rí èèyàn nínú igbó, òun ni gbogbo ojú ń kọ́kọ́ rí ní títì! Ogun ló bí i ṣá. Ní 1914, ṣòkòtò pupa fòò làwọn sójà Faransé wọ̀ lọ dojú kọ ìbọn Jámánì. Ní 1915 ni ọmọ ogun wọn wá kó àwọn ayàwòrán jọ, kí wọ́n máa kun ìbọn ńláńlá kó lè jọ igbó. Ayàwòrán o, kì í ṣe ọ̀gágun!