Oúnjẹ Ọmọ Kí Ó Tó Pé Ọdún Méjì àti Bí Yóò Ṣe Ga Tó

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe ní Iléṣà níbí: oúnjẹ wo ni kí àwọn máa fún ọmọ kí ó lè ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n ń wí sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọdún 10 tàbí 12, tí ó ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, tí àwọn ojúgbà rẹ̀ sì ti ga jù ú lọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń wà lọ́kàn mi ni pé ìgbà tí ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àní nígbà tí ó ṣì wà nínú oyún, ni ó yẹ kí ìbéèrè yìí ti wáyé.

Ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ pé máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kí ó tó pé ọdún kan, yóò ti fi nǹkan bíi 25 kún un, ní ọdún kejì yóò tún fi bíi 12 kún un. Lẹ́yìn náà ni ìdàgbà náà yóò máa rọra lọ, títí yóò fi di bíi 5 tàbí 6 lọ́dọọdún kí ìbàlágà tó dé. Kò tún sí ìgbà kan lẹ́yìn ìbí tí ènìyàn ń yára ga tó ti ọdún méjì àkọ́kọ́ yìí. Etí àwọn egungun gígùn tí ó wà ní ẹsẹ̀ àti apá ni egungun tuntun ti ń hù. Bí oúnjẹ tí ó ní láárí kò bá sì tó, tàbí tí àìsàn ń jẹ èyí tí ó wọlé, ara a kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba tí ó rí gbọ́ ti ọpọlọ àti ọkàn, egungun a sì dúró. Èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń tẹnu mọ́ ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ìgbà tí oyún ti dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Gíga tí ọmọ bá pàdánù nígbà náà, díẹ̀ ni ó sábà máa ń rí gbà padà.

Ẹlòmíràn a sọ pé ìdílé àwọn kì í ga, kò sì parọ́, nítorí pé gíga bàbá àti ìyá ń hàn lára ọmọ dáadáa níbi tí oúnjẹ bá ti tó. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1997 sí 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé wọn àwọn ọmọdé ní Bràsíl, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí ìyá wọn fún lọ́mú dáadáa tí ilé wọn kò sì ṣe aláìní, wọ́n sì rí i pé ìdàgbà wọn jọra gan-an títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde láti inú iṣẹ́ náà ní 2006 ni a fi ń mọ ọmọ tí ó kúrú jù fún ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí. Nígbà tí wọ́n fi lo ìwọ̀n náà nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bíi 37 nínú gbogbo 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó kúrú jù. Tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá kò burú tó ti òkè ọya, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ohun tí a ó fi sùn lọ.

Iléṣà ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì wù mí kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1956 ni dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì ń tẹ̀lé ìdàgbà àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì tí a fi ń ya ìlà ìwọ̀n ọmọ ti jáde, èyí tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sí ilé, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì gbà lò lẹ́yìn náà. Ìlà àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí ń gòkè dáadáa ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ọmú ń bọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń rí lórí káàdì àwọn ọmọ lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìyẹn.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ẹ̀kọ ni. N kò bá ẹ̀kọ jà, nítorí pé rírẹ àti kíkan tí ògì máa ń kan ń jẹ́ kí ara lè rí síǹkì àti irin inú àgbàdo lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ògì, tí a da eèrí fún ewúrẹ́, a ti da apá kan nínú púrótéènì àti ọ̀rá rẹ̀ nù. Nígbà tí a bá sì wá po ó kí ó ṣàn kí ọmọ lè fà á mu, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú ọmọ oṣù mẹ́jọ kéré. Ó lè yó kẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ kí egungun rẹ̀ má sì rí ohun tí yóò fi hù. Ìyá a máa sọ fún mi pé ọmọ òun ń jẹun, òtítọ́ ni ó sì ń sọ.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n po ẹ̀kọ kí ó ki, kí wọ́n fi edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti gún kúnná sí i, pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí sóyà lílọ̀ àti epo pupa díẹ̀. Edé àti ẹja gbígbẹ tí ìyá bá rà ní ọjà Atákúnmọ̀sà fún ọbẹ̀ náà ni. Kí ó kàn bù nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò ní ata, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ tí a sì tẹ̀ kúnná, iṣu tí a fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja pò, gbogbo rẹ̀ dára fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì ó kéré tán.

Ti ẹyin ni ó máa ń dùn mí jù. Títí di òní, àwọn àgbà kan ṣì gbà pé ọmọ tí a bá ń fún lẹ́yin àti ẹran yóò ya olè. Mo mọ̀ pé ìkọ́ra-ẹni-níjàánu ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ olè, egungun rẹ̀ sì ń ké fún ohun tí ó wà nínú ẹyin. Ní Ẹ̀kúádọ̀, àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí 9 ní ẹyin kan lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Àbájáde tí ó jáde ní 2017 fi hàn pé iye àwọn tí ó kúrú jù láàárín wọn dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Màláwì, ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò hàn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹja púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Fún èmi, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé bí ẹyin bá wọ́n, ẹja lè dí àlàfo rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ìyá tálákà banú jẹ́.

Oúnjẹ nìkan kò sì tó. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń dá dúró léraléra kò lè ga bí ó ti yẹ, nítorí náà omi mímọ́, ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ti èèyi, wà lára ohun tí ń mú ọmọ ga. Ti kálísíọ́mù, èròjà oúnjẹ tí ń mú egungun le, náà wà níbẹ̀: ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 láti Jọ́ọ̀sì fi hàn pé àìtó rẹ̀ nínú oúnjẹ wà lára ohun tí ń mú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Wàrà ní in, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun náà sì ní in.

Ní ti ọmọ ọdún 12 tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, kí ó máa jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, nítorí pé ìbàlágà ṣì máa ń mú ọmọ ga. Kí òbí má ṣe ná owó sórí oògùn amúniga tí wọ́n ń kiri. Kí wọ́n fa ìlà sí ara ògiri, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ọmọ tí ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin láàárín ọdún kan, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tòun ti àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé ó lè jẹ́ àìtó họ́mọ̀nù tí ń mú ara dàgbà, fọ̀níkú-fọ̀ladìde tàbí àìsàn inú kan ni ó fà á, èyí tí oúnjẹ nìkan kò lè wò.