Ẹ̀jẹ̀ ní Houston, Ojú ní Salvador

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní Brazil, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Òfin kan tí ìpínlẹ̀ Virginia ṣe ní 1924 sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú bá wà lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kò gbọdọ̀ fẹ́ òyìnbó, ó sì di 1967 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó wọ́gi lé e. Òfin náà ti lọ, ṣùgbọ́n èrò tó bí i ṣì wà: ní Houston tí mo kọ́kọ́ gbé, bí ọmọ ìyá méjì bá wà, tí ọ̀kan pupa fòò, tí èkejì dú bíi kóró iṣin, aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì.

Ní Salvador, ìlú kan ní Brazil tí mò ń gbé báyìí, olúkúlùkù ló ń sọ àwọ̀ tirẹ̀ fún àwọn tó ń ka èèyàn. Nínú ìkànìyàn gbogbo Brazil ní 2022, àwọn tó pe ara wọn ní pardo, ìyẹn àwọn tí ìran wọn dà pọ̀, jẹ́ 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ju àwọn tó pe ara wọn ní funfun lọ. Àwọn tó pe ara wọn ní dúdú kò ju 10.2 lọ. Nínú ìdílé kan tí a jọ ń gbé ilé, ẹ̀gbọ́n ní pardo ni òun, àbúrò ní funfun ni òun, kò sì sí ẹni tó bá wọn jiyàn.

Ìyẹn kò sọ pé ara rọ dúdú níbí o. Ọ̀pọ̀ ilé gogoro ló ní lífítì méjì, ọ̀kan fún onílé àti àlejò, èkejì fún ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹrù. Lọ́jọ́ kan tí mo wọ sálúbàtà lọ kí ọ̀gá mi nílé, máígàádì, tí òun náà dúdú bíi tèmi, kò bi mí ní nǹkan kan tó fi júwe lífítì ẹ̀yìn fún mi. Bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi báyìí, ó dìde, ó tọrọ àforíjì, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì lífítì iwájú. Ní Houston, ohùn mi máa ń gbà mí lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bá dá mọ́tò dúró lóru kì í kọ́kọ́ gbọ́ ohùn. Kí n má parọ́, àwa náà ń ṣe é nílé: òyìnbó á kọjá ní géètì ilé-iṣẹ́ l'Ékòó láìsí ìbéèrè, wọ́n á sì ní kí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n pè sí ìpàdé lọ kọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì ló fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Láti 2012 ni òfin Brazil ti ya ìdajì àyè ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ka ìwé girama nílé-ìwé ìjọba, tí apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti dúdú, pardo àti àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí àwọn kan tó funfun báláú bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní pardo, ọ̀pọ̀ yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń wo awọ, irun àti imú. Bí èèyàn bá ní ìyá ìyá òun dúdú, wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fòpin sí fífi ẹ̀yà gba akẹ́kọ̀ọ́ ní 2023, ọmọ dókítà tó ti Ìbàdàn dé lè fàmì sí àpótí aláwọ̀ dúdú kan náà lórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ṣẹrú ní oko òwú, ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ibẹ̀ kì í fẹ́ sọ sókè. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà nínú ti Brazil, nítorí ojú náà ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n wá jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n máa wo imú ọmọ ọlọ́mọ, n kò ní lọ.