Montepulciano Méjì Nínú Ìgò Méjì

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nínú ọ̀rọ̀ wáìnì Ítálì kì í ṣe adùn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni. Mo ra ìgò méjì tí wọ́n kọ Montepulciano sí lára, mo sì gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n, àfìgbà tí mo tọ́ wọn wò: ọ̀kan dúdú, ó kún ẹnu, ó sì rọra wọlé, èkejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó kan díẹ̀, ó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀. Nínú Montepulciano d'Abruzzo, Montepulciano ni irú èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, Abruzzo sì ni ẹkùn tó ti wá. Nínú Vino Nobile di Montepulciano, ìlú orí òkè kan ní Tuscany ló ń jẹ́ Montepulciano, Sangiovese sì ni àjàrà tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ìgò kankan, mo máa ń bi ara mi bóyá orúkọ èso ni mo ń kà tàbí orúkọ ilẹ̀. Barbera d'Asti sọ méjèèjì: Barbera ni èso, Asti ni ilẹ̀. Chianti sọ ilẹ̀ nìkan, ó sì kù sọ́wọ́ ẹni tó ń mu ún láti mọ̀ pé, ó kéré tán, ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Sangiovese. Prosecco tilẹ̀ yí padà lójú ayé wa: orúkọ àjàrà ni títí di ọdún 2009, tí wọ́n sọ àjàrà náà di Glera, kí Prosecco lè di orúkọ ilẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò.

Ní ti DOC, àmì òfin Ítálì tí wọ́n ń kọ sára ìgò, tí òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1963, àti DOCG tó ga jù ú lọ, ibi tí wáìnì ti wá àti ìlànà tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ń jẹ́rìí sí. Èmi kì í kà wọ́n sí ẹ̀rí adùn, nítorí Sassicaia, wáìnì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ wáìnì orí tábìlì lásán.

Wáìnì Barolo ló wá fi ojú mi rí nǹkan. Àjàrà Nebbiolo nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é ní ẹkùn Piemonte, ó sì gbọ́dọ̀ lo oṣù 38 kó tó dé ọjà, oṣù 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá onígi. Nígbà tí mo bù ú sínú ife, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka ọwọ́ mi lódìkejì, mo sì rò pé omi lásán ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fà á sẹ́nu, ahọ́n mi gbẹ bí ìgbà tí èèyàn mu tíì tí wọ́n gbàgbé ewé rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Mo gbé e sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, mo fi ẹran gbè é, ó sì rọ̀.

Barbaresco kan wà nílẹ̀ báyìí, Nebbiolo kan náà láti agbègbè kan náà, oṣù 26 péré ló gbọ́dọ̀ lò kó tó dé ọjà. Ife méjì ni màá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹlòmíràn ni màá sì ní kó bá mi bù ú, kí n má baà mọ èwo ni èwo.