Màmá wa àti pápá bàálù Takoradi

Lánàá l'Ọ̀fà, bàálù kan gba orí ilé wa kọjá. Màmá wa àgbà gbójú sókè, wọ́n ní, “Bó ṣe máa ń ké lórí wa ní Takoradi nìyẹn.” Gánà ni wọ́n ti ṣòwò kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969.

Mo wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí pápá yẹn ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí Ítálì wọ ogun lọ́dún 1940, ojú òkun Mẹditaréníà di eléwu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, bàálù ogun wọn tó ń jẹ́ Hurricane kò lè dá fò láti ilẹ̀ wọn dé Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń jagun. Ni ọkọ̀ ojú omi bá ń kó wọn wá sí Takoradi nínú àpótí pákó, kí wọ́n tó tò wọ́n pọ̀. Ó di Èkó, ó di Kánò, Maiduguri, Khartoum, títí dé Kairó! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà aginjù yẹn, àwọn kan ò sì débẹ̀ rárá.

Àwọn ọmọ ogun òfurufú Gánà ṣì ń lo pápá náà dòní. Ó dùn mí pé wọn ò kọ́ wa nílé ìwé, nígbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n gbà. Màmá ní kí n tún un sọ fún àwọn ọmọ lálẹ́.