Mo fi òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ò yá

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Apache Nutch ni mo fi ń ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà (crawler) tó ń lọ kó ojú ewé ìkànnì wá fúnra rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo to ìlíǹkì 24,000 kalẹ̀, mo ní kí n tó jí, á ti parí. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ tún ṣú, ó ṣì kù.

Mo rò pé òṣìṣẹ́ ló kéré. Thread ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ló ń lọ mú ojú ewé wá. 10 ni Nutch ń bá wá. Mo sọ ọ́ di 50. Òfo. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí Nutch ń ṣe, ni mo rí i: activeThreads=50, spinWaiting=49. Ẹnì kan ló ń ṣiṣẹ́, àwọn 49 yòókù ń yí lójú kan. Ó dà bí àdúgbò tó ní ẹ̀rọ omi mẹ́wàá, tí gbogbo korobá wá tò sí ìdí ẹyọ kan. Ẹ gbẹ́ ogójì sí i, ìlà yẹn ò ní kúrú.

Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń mú nǹkan lórí ìlà kan, tó bá sì mú ojú ewé kan, á sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó mú òmíràn, kó má baà ni sáfà onísáfà lára, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló ni 20,000 nínú ìlíǹkì mi. Ìlọ́po 5 rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 100,000, ó lé ní wákàtí 27.

Mo wá dín 5 yẹn kù sí 1, mo sì fi òṣìṣẹ́ mẹ́ta sórí ìlà náà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò pẹ́ tí sáfà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn pé 429, ìyẹn ni pé wàhálà rẹ ti pọ̀ jù. Nígbà tó yá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi pátápátá. Ojú tì mí. Ìwé ìròyìn kékeré ni, èmi tó sọ pé mo fẹ́ràn èdè ni mo ń dà á láàmú.

Ibi tí a ti ń yan ìlíǹkì ni àtúnṣe wà. Ẹ wo generate.max.count, iye ìlíǹkì tí ìkànnì kan lè mú wá lẹ́ẹ̀kan: -1 ló wà níbẹ̀, kò sí òdiwọ̀n. Mo fi 500 síbẹ̀. Bó ti wù kí ìkànnì tóbi tó, 500 ni yóò mú wá lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á di ìgbà mìíràn. Ìsinmi gbogbo wọn kò pé ìṣẹ́jú 42. Mo tún fi fetcher.timelimit.mins sí 60, kí iṣẹ́ dúró tó bá ti pé ọgọ́ta ìṣẹ́jú, torí sáfà mìíràn ń fà bí ìgbín.

Àwọn búlọ́ọ̀gù kéékèèké ló tún gbò mí. Ogún orúkọ, ogún ìlà, àmọ́ orí sáfà olówó pọ́ọ́kú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Lójú tèmi mo ń sinmi. Lójú sáfà, ogún èèyàn ló ń kan ilẹ̀kùn pọ̀. Mo yọ wọ́n sọ́tọ̀, mo yí fetcher.queue.mode sí byIP fún wọn, kí ìlà máa tẹ̀lé àdírẹ́sì sáfà dípò orúkọ ìkànnì, mo sì dín 500 yẹn kù sí 20, torí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tò sí báyìí.

Wíkípídíà Yorùbá ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ rán crawler lọ síbẹ̀. Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó o, máa ń di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè gbà wálẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń mú ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan tó sọ fún mi.